Adágún Tí Mo Ní Ó Ti Mí

Ẹyọ kan péré ni. Kò ju hóró ìrẹsì lọ, afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ ìdérí ìgò tí mo fi bu omi ìsàlẹ̀ adágún wò. Mo rí i. Kí n má parọ́, mo rí i! Mo sì ní kò sí nǹkan... òtútù ń mú mi, yìnyín ń bọ́, Bàbá Tokuji, apẹja tó ni ọkọ̀, sì ń pariwo nídìí ẹ́ńjìnnì: "Chikako, ṣé orí omi lo fẹ́ kí n kú sí ni? Dé e, jẹ́ ká máa lọ sílé!"

Mo dé e. Oṣù kejì nìyẹn; oṣù kan rèé tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Torí pé... ta ló mọ̀? Bóyá afẹ́fẹ́ abẹ́ ìdérí yẹn ló wọnú omi tó fi dà bíi pé ọ́síjìn pọ̀ nísàlẹ̀. Èmi náà gòkè èbúté, mo lanu gbàgà: "Adágún ti mí o!" Lẹ́yìn ọdún méjì gbáko tí òtútù ò mú tó, tí omi òkè ò tutù kó rì, kó gbé èémí lọ fún ìsàlẹ̀. Ọdún méjì tí ẹja ìsàlẹ̀ ń kú lọ bẹẹrẹ. Bàbá Tokuji ti rí ẹni tó máa ra ọkọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló gbọ́ tó fi lé onítọ̀hún padà. Ó da ife ọtí ìrẹsì sínú adágún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tó bá ti mí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ lo lọ wò ó, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Háà, Chikako!

Lónìí ńkọ́? Lónìí mo jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ kún ìgò ní àkúnwọ́sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kán oògùn àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ́síjìn wà níbẹ̀ sí i, mo kán èkejì. Mo dé e, mo yẹ̀ ẹ́ wò títí — kò sí afẹ́fẹ́ kankan. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Tó bá funfun, a jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ò mí, mo ti tan àgbàlagbà jẹ. Tó bá pọ́n bíi tíì...

Bàbá ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń ṣe bíi pé òun ò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ó ń pọ́n. Yéè! Ó ń pọ́n, ó ki, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ sídìí ìgò. Adágún mí! Lóòótọ́ ló mí! Inú mi dùn! Ẹja á yè. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé —

Dúró ná. Kí ni mo ń yọ̀ sí gan-an? Pé adágún mí ni, àbí pé àṣírí mi bò?

Mi ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó mí. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹlòmíì á ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ kan, á rí i níbẹ̀ pé oṣù kejì ni adágún mí, á sì gbà á gbọ́ bí bàbá yìí ṣe gbà á gbọ́.

Ó ti ń wò mí báyìí. Kó má tíì rí ayọ̀ ojú mi. Ti oṣù kejì ni màá kọ́kọ́ sọ. Kó bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ ìyẹn tán, tó ṣì bi mí pé "òní ńkọ́?" — ìgbà yẹn ni màá mọ̀ pé ó gbà mí gbọ́.