Ọwọ́ Tó Di Wáyà Mú

Káyọ̀dé, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ kó tó pòórá. Inú odò ni mo jókòó sí, omi náà ò tutù. Jìtá mi wà lórí itan mi, mo ti ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ń pààrọ̀ kapásítọ̀ tó máa ń bá pikọ́ọ̀pù oníbejì ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn, sẹ́ ohùn bí ẹni sẹ́ ògì. Mo fi ńlá sí i, jìtá bá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Mo fi kékeré sí i, ó ń gún mi létí.

O mọ̀ pé nígbà ayé Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, òun ló máa ń bá mi di wáyà mú. Irin gbígbóná tó ń yọ́ òjé wà lọ́wọ́ kan, òjé tí mo fi ń lẹ wáyà wà lọ́wọ́ kejì, ta ni yóò di wáyà mú? Àfi bí ọwọ́ kan ṣe yọ látinú omi, tó dì í mú gbọin. Òrùka wa wà níbẹ̀. Mi ò wojú ẹ̀ o, kó má baà lọ. Mo lẹ̀ ẹ́ tán, mo ta okùn kan, ohùn tó fẹ́ràn gan-an ló jáde. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o gbọ́ ọ?" Mo gbójú sókè, mo bá jí. Ìrọ̀rí mi rin gbingbin.

Má túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Látìgbà tí a ti sin ín ni jìtá yẹn ti wà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì. Ṣé wàá ráyè yà lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́? Kò sí iṣẹ́ tí wàá ṣe. Kí o kàn bá mi di wáyà mú ni.