Eṣinṣin Orí Ẹ̀wù Ńlá

Ó ti sú mi láti máa rí èèyàn tí bọ́tìnnì ikùn rẹ̀ ń sunkún. Èmi náà kì í ṣe ẹni kékeré. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà nígboro, àfi kí n fa ikùn sínú kí n tó lè wọ̀ ọ́, bí mo bá sì ṣèèṣì rẹ́rìn-ín, bọ́tìnnì kan á fò lọ kí aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá iṣẹ́ tèmi sílẹ̀ ní yàrá iwájú ilé wa: ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, tó balẹ̀, tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á lè jókòó, kó jẹun, kó sì mí. Mo sọ ọ́ ní Ẹ̀wù Ńlá.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀. Àǹtí Yúnífọ́ọ̀mù ni gbogbo ayé ń pè é, torí aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, kò rán nǹkan mìíràn rí. Ọjọ́ tí mo ní mò ń lọ, kò bínú. Ó kàn fi aṣọ bo ẹ̀rọ tí mo ń lò, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Tó bá di ìparí ọdún tí ọjà ẹ ò bá tà, wàá padà wá bá a." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ó dùn mí wọnú eegun. Mo búra pé kàkà kí n padà lọ máa rán kọ́là ọmọ ilé-ìwé, màá kúkú máa rìn níhòòhò.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ya àkọlé kékeré tí a máa rán mọ́ ọrùn aṣọ. Kọ̀ǹpútà ló fi ń yàwòrán, ó sì gbà pé kò sí ohun tí òun ò mọ̀ láyé, àfi bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Mo kọ orúkọ náà fún un pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó wò ó, ó yínmú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àmì yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n dà bí eṣinṣin lórí àwo. Ẹ jẹ́ kí n nù wọ́n kúrò, kó lè mọ́."

"Ṣé wọ́n á ṣì lè kà á?"

"Ta ni ò mọ ẹ̀wù?"

Bí ẹni tó ń hun àkọlé ṣe hun gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ní lẹ́tà gàdàgbà: EWU NLA. Mo rán an mọ́ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Mo gbé ọ̀kan kọ́ sójú fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i.

Oníbàárà tó kọ́kọ́ wọlé jẹ́ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó na apá, ó yí po níwájú dígí, ẹ̀rín gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ ọ kí n lè bá a dì í, ibẹ̀ ló ti rí àkọlé ọrùn rẹ̀.

"Ewu ńlá kẹ̀?"

"Ẹ̀wù ni, sà. Ẹ̀wù ńlá."

"Ewu ni mo rí o, mádàámù. Èmi tí mò ń wakọ̀, kí n gbé ewu ńlá kọ́rùn bọ́ sójú títì? Orúkọ ló ń ro ọmọ. Ẹ̀wù yín wù mí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí mi wù mí jù ú lọ."

Ó jáde. Aboyún kan wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á, ó sì jù ú sílẹ̀ bíi pé ó ta á. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi sọ mí di orin. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, ọ̀kan á ní, "Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́!" Àwọn tó kù á gbè é pé, "Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni!" Èmi wá di Lóńgẹ́ nínú ilé ara mi. Ọdún sì ń lọ sópin, ẹ̀rọ Àǹtí Yúnífọ́ọ̀mù ń dúró dè mí lábẹ́ aṣọ tó fi bò ó.

Mo pe àbúrò mi, mo bú u. Mo bú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo bú ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu mi, mo gbé abẹ́rẹ́ àti òwú pupa lé e lọ́wọ́.

"Eṣinṣin tí o lé lọ, dá gbogbo wọn padà."

"Ọwọ́ ni kí n fi rán an?"

"Ẹnu lo fẹ́ fi rán an ni?"

Ó jókòó ti ṣẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ ń gún un, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ń fá lórí. Iṣẹ́ náà burú jáì. Àmì ìsàlẹ̀ kan tóbi bí ẹ̀wà, òmíràn kéré bí ojú èèrà, tòkè sì wọ́ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé. Mo ti fẹ́ ní kó tú u palẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ọjọ́sí yọjú. Ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbé àkọlé ọrùn rẹ̀ súnmọ́ ojú, ó fọwọ́ pa òwú pupa náà.

"Ẹ̀wù ńlá," ó kà á jáde ketekete. "Èyí ni mo lè wọ̀."

Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ibùdókọ̀ wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè "ẹ̀wù alámì pupa". Àwọn ìyàwó wọn tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń yí kọ́là síta kí aráyé lè rí àmì tó wọ́. Àbúrò mi wá ń sọ kiri báyìí pé èrò òun ni. Ojú ò tì í rárá.

Ìparí ọdún dé, Àǹtí Yúnífọ́ọ̀mù náà dé. Mo ti to èsì sẹ́nu dè é. Ó wo igi ìfaṣọkọ́ tó ṣófo, ó wo ojú fèrèsé, ó sì já ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù sílẹ̀. A ti gbàgbé láti fi àmì sí ìyẹn.

"Àǹtí, ẹ má wọ̀ ọ́ o. Ewu ló wà níbẹ̀."

Ó ṣí ìborí rẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun báláú.

"Ewú ni èmi kà. Ewú ńlá. Àbí èyí kéré lójú ẹ?"

Ó wọ̀ ọ́, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ gbà á, kò sí bọ́tìnnì tó ráhùn.

"Ẹ̀rọ ẹ tó wà lọ́dọ̀ mi," ó wí, "mo ti gbé e fún ẹlòmíràn. Má wá a wá o."

Mo gbé gbogbo èsì mi mì. Omi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, torí kò sí ibi tí mo lè sá padà sí mọ́. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"O kú ewu o."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."