Bí A Ṣe Ń Ta Rìlé Jí

"Bàbá àwọn ọmọ, táńkì ti kún, omi ń ṣàn wọlé o! Ẹ pa pọ́ńpù!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ìyàwó atúnrédíòṣe pariwo. Ọkọ kọ etí ikún, kò dìde lórí àga; ó kàn ní:

"Swíìṣì tí yóò máa pa á fúnra rẹ̀ ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Agbára ṣíìpù yìí, tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, kéré, kò lè mi rìlé, swíìṣì ńlá tó ń pa pọ́ńpù. Àfi kí tiransísítọ̀ wà láàárín wọn: ṣíìpù á rọra sọ fún un, òun á wá fagbára ta rìlé jí."

Ó yé ìyàwó yékéyéké. Ó yọjú sí yàrá ìyá ọkọ, ó rọra ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín."

"Ìwọ ọmọ yìí, pa pọ́ńpù!" Màmá jágbe.

Ọkọ fò dìde, àga dojú dé. Ó débi pọ́ńpù láìwọ bàtà.

Ìyàwó wo ṣíìpù lórí tábìlì. "Pẹ̀lẹ́, ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun kan náà ló ń ṣe wá."