Ẹ Pè Wá Kí Ẹ Tó Máa Bọ̀

Omi yẹn kúkú yọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí ẹ̀rọ omi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní wọ́ọ̀dù àwọn ìyálọ́mọ yìí kan náà. Omi ya lu ọwọ́ mi, ó tutù, ó mọ́. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì na aṣọ ìnuwọ́ tuntun sí mi... tuntun tí ìlà bí wọ́n ṣe ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn lára rẹ̀. Kí wá ni ọkọ ọmọ mi ń sọ láàárọ̀ yìí? "Dádì, tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé omi dání." Omi wo? Ní ilé ìwòsàn tí èmi, alága ìgbìmọ̀ ètò ìlera nílé aṣòfin, ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò?

Ọmọ mi já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, Dádì. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹ ṣáà pè wá kí ẹ tó máa bọ̀."

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ó bímọ lánàá, ohùn rẹ̀ sì ti gbẹ...

Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò níwájú géètì ilé ìwòsàn náà. Kẹ́ẹ̀gì omi wà nínú búùtù. Nọ́ńbà ọmọ mi wà lójú fóònù, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Dírẹ́bà ń wò mí nínú dígí. Ó fẹ́ fun fèrè kí wọ́n ṣí géètì gbayawu, bó ṣe máa ń rí. Mo ní kó dúró ná. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́... ẹ̀n-ẹ́n. Àgbà wà nínú mọ́tò, ó ń gba atẹ́gùn tútù.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí látọjọ́ tí mo ti wà nílé aṣòfin: akọ̀wé ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ ránṣẹ́ síbi tá a fẹ́ yẹ̀ wò, pé ọjọ́ báyìí là ń bọ̀. Ọ̀wọ̀ ni, wọ́n ní. A kì í já lu ọ̀gá ọlọ́gá. Tá a bá dé, ògiri á máa dán, ọ̀dà á máa rùn. Ògiri ti ba aṣọ funfun mi jẹ́ títí ó sú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé aṣòfin, ó ti dolóògbé, ló sọ mí ní Alága Ọ̀dà Tútù. Ó ní àwọn tó ń ta ọ̀dà ló yẹ kó máa bá mi polongo ìbò. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ti bi kọmíṣánnà ní ìbéèrè títí tó fi làágùn nínú yàrá tútù. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran...

Ohùn ọmọ mi lórí fóònù yẹn. Níbo ni mo ti gbọ́ ọ? Ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn kan, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó ń yára sọ̀rọ̀: "Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, sà." Mo kọjá. Ohùn kan náà ni—lẹ́nu ọmọ tí mo bí.

Ó sì ti pẹ́ tó ti ní in. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, tí mo bá ti fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, màá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ilé, gìrìgìrì, gìrìgìrì. Kí n tó wọlé, tẹlifíṣọ̀n á ti kú, ìwé á ti ṣí, wọ́n á tò sílẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, sà." Ọkàn mi á kún. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé àwọn ọmọ mi, tí wọ́n bá ti gbọ́ fèrè mi báyìí, ayọ̀ á máa lé wọn kiri ilé.

Ayọ̀...

Ọ̀dà ni wọ́n ń kùn.

Ọwọ́ dírẹ́bà tún ti wà lórí fèrè. Mo ní kó má fun ún. Mo ti fóònù bọ àpò. Mo ṣílẹ̀kùn, oòrùn gbá mi lójú. Kẹ́ẹ̀gì á wúwo, màá rọra máa gbé e. Tí wọ́n bá bi mí ní géètì pé ta ni mo wá wò, màá ní ọmọ mi ni, ó bímọ lánàá. Mo fẹ́ rí i bó ṣe wà.