Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Ń Bọ̀

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fi orí Modúpẹ́ àbúrò mi bọ inú yẹ̀pẹ̀ ni ọmọ náà kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú ọyẹ́ ọdún 1978. Bíríkìlà ni bàbá mi, wọ́n sì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìyìn l'Ádó. Èmi àti Modúpẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé oúnjẹ lọ fún un. A kò mọ̀ pé àwọn tó ń la títì máa fọ́ àpáta lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àpáta dún, ilẹ̀ mì, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi, àwọn lébìrà sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá Modúpẹ́ mú, ó bẹ́ sínú kòtò ìpìlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń pariwo pé, "Má gbé orí sókè! Má gbé orí sókè!"

Ọkùnrin mẹ́ta ló fà á kúrò. Yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu Modúpẹ́, ojú rẹ̀ sì ti yí.

Kò kú. Ṣùgbọ́n bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́ báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Bí bàbá mi bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, Modúpẹ́ á gba ẹ̀yìn jáde. Bàbá mi rí i. Ó ká ẹní rẹ̀, ó ń lọ sùn sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ò sì jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á máa lu páànù tẹ̀ lé e lẹ́yìn: "Sójà! Dọ̀bálẹ̀!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró síta bá màmá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ìyá Fúnkẹ́, tí oṣù yìí bá parí, Kàdúná ni mò ń lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ wà níbẹ̀."

"Ṣé iṣẹ́ ti tán l'Ádó ni?"

"Ọmọ mi wà l'Ádó. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n lè má tètè fà mí kúrò."

Láti ọdún 1970 tó ti ogun dé, a mọ̀ pé kì í sùn dáadáa, a sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn. A ti kọ́ bí a ṣe ń bá a gbé. Ohun tí a kò kọ́ ni bí a ó ṣe gbé láìsí i.

Màmá mi gba ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà tí a ń lọ lọ. Wòlíì Olúwọlé gbàdúrà títí, ó ní, "Ohun kan wà tí ọkọ yín gbé bọ̀ láti ojú ogun. Ẹ lọ wá a."

Èmi ni mo wá a. Mo ti ka ìwé ìtàn tí mo yá káàkiri débi pé n kò lè rí àpótí títì kí ọkàn mi má fò. Nínú àpótí irin bàbá mi, lábẹ́ aṣọ sójà rẹ̀, mo rí agolo tábà kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Mo ṣí i. Irun orí ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, dúdú, wọ́n dì í pọ̀, àti èékánná mẹ́wàá.

Ní ìlú wa, kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí irun orí àti èékánná ń ṣe nínú agolo. Oògùn ni. Mo ké.

"Jésù!" Màmá mi fi akísà mú un, kó má baà kan ara rẹ̀. "Orí ta rèé? Orí ta ló fi ṣe é?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n da kẹrosíìnì sí i ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ débi pé ọwọ́ mi pọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi wá gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó.

"Ẹ wọlé, Bàbá Fúnkẹ́. Ó ti parí. A ti rí i, a sì ti sun ún."

"Kí lẹ sun?"

"Nǹkan inú agolo yẹn."

Bàbá mi gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ìbá wù mí kó pariwo. Ńṣe ló jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ayọ̀kúnlé lẹ sun," ó ní.

Ìgbà yẹn ló sọ ọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́. Òun àti Ayọ̀kúnlé, tíṣà kan láti Igbemo, jọ wọ iṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà. Inú kòtò kan náà ni wọ́n wà ní ìtòsí Òwérì. Bọ́ǹbù ń bọ́. Nígbà tó dákẹ́ díẹ̀, Ayọ̀kúnlé ní òun fẹ́ wò bóyá wọ́n ti lọ.

"Ó gbé orí sókè. Ọwọ́ mi wà lẹ́bàá orí rẹ̀, Ìyá Fúnkẹ́. Báyìí ló ṣe sún mọ́ ọn. Mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí wọn kò lè gbé e wálé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn àgbà ń ní kí wọ́n gé wá, kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Màmá mi mọ àṣà náà ju èmi lọ. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rántí. Bàbá mi gé e, ó gbé e dé Igbemo, ó gbé e dé ojúlé ìyá Ayọ̀kúnlé. Ìyá náà sáré jáde, ó di aṣọ bàbá mi mú, ó ní, "Ayọ̀kúnlé ńkọ́?"

"Mo ní ó ń bọ̀," ni bàbá mi wí. "Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Mi ò lè padà síbẹ̀ mọ́."

Nígbà tí Wòlíì gbọ́, ó wá sílé wa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó bọ́ fìlà níwájú bàbá mi, tó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbàdúrà kí n tó béèrè," ó ní. "Ọ̀dọ̀ yín ni ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè. Ẹ foríjì mí. Ṣé ìyá náà ṣì wà?"

"Ó wà."

"Ẹ lọ bá a."

"Kí ni màá mú lọ?"

"Ẹnu yín. Ohun tó ti ń retí nìyẹn."

Gbogbo wa la lọ, nítorí màmá mi ní òun kò ní jẹ́ kí bàbá mi dá nìkan jẹ́jọ́ ohun tí òun sun. Nínú mọ́tò, Modúpẹ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ mi, ó jìnnà sí bàbá wa. Awakọ̀ náà wẹ̀yìn wò wá.

"Ẹ̀yin ará Adó yìí, ẹ dákẹ́ jù. Ṣé òkú lẹ ń gbé lọ ni?"

Màmá mi na owó ọkọ̀ sí i.

A bá ìyá náà tó ń fẹ́ ìrẹsì ní iwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó mọ bàbá mi lójú ẹsẹ̀.

"Ọlátúndé. Ìwọ nìkan lo tún dé."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ìrẹsì.

"Ṣé ó ṣì ń bọ̀?" ni ìyá náà bi í.

"Kò bọ̀ mọ́, Ìyá. Ó ti kú kí n tó wá lọ́jọ́sí."

Ìyá náà tún fẹ́ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì. "Mo mọ̀. Ìyá wo ni kò ní mọ̀? Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní ó ń bọ̀. Àwọn ará ilé ní ká ṣe ìsìnkú, mo ní rárá, Ọlátúndé kò ní purọ́ fún mi. Tí ajá bá gbó, àwọn ìyàwó ilé á ní, 'Ẹ dìde, Ìyá, Ayọ̀kúnlé ti dé.' Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́jọ, Ọlátúndé!"

Màmá mi kúnlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ agolo. Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ìrẹsì sì dà sílẹ̀.

"Ẹ sun ún? Èyí tó jóná lójú ogun kò tó yín ni?"

Ó wọlé. Mo rò pé àdá ló fẹ́ lọ mú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló mú jáde, tó ń rùn fún káńfọ̀, àti ọkọ́.

"Èyí tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé rèé. Ọdọọdún ni mò ń fọ̀ ọ́ dè é." Ó jù ú sí bàbá mi láyà. "Ẹ̀yìn ulé nìyẹn. Ìwọ ni kó o gbẹ́ ẹ. Ojú ìyá kì í rí oórì ọmọ. Tó o bá parí, tẹ́ ilẹ̀ dáadáa, má sì fi ibẹ̀ hàn mí láéláé. Tó o bá sì ń rò ó pé o máa tún sá lọ, ìrẹsì mi wà lóko, mi ò sì ní ọmọ tó máa bá mi gé e."

"Mo gbọ́, Ìyá. Màá wá."

Ó wọ inú iyàrá, ó kọjú sí ògiri. Màmá mi lọ jókòó tì í.

Bàbá mi gbẹ́ kòtò náà. Ó wọ inú rẹ̀, ó ń tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, nígbà tí mo rí i pé Modúpẹ́ ti fi ìró mi sílẹ̀. Ó dúró létí kòtò. Bàbá mi rí i, ó fò jáde ní òdì kejì bí olè tí wọ́n ká mọ́, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni Modúpẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti há.

Bàbá mi wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ di orí ẹ̀ mọ́lẹ̀?"

"Rárá. Òun ni mi ò dì mú. Ìwọ ni mo wá dì mú, níbi tí kò sí ogun. Mo ṣẹ̀ ọ́, Modúpẹ́."

Àbúrò mi rò ó. Kò sún mọ́ ọn.

"Ẹ má dì mí mú mọ́."

"Mi ò ní dì ọ́ mú mọ́."

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn."

"Mo dúró."

Ó fi ẹsẹ̀ ti yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú kòtò, ó wo bàbá mi bóyá ó ti rìn, ó tún ti díẹ̀ sí i. Bàbá mi kò rìn. Oòrùn ti yí sí apá kejì ilé, yẹ̀pẹ̀ kò sì tí ì dé ìdajì. Nígbà tí mo mú ọkọ́ pé kí n ràn án lọ́wọ́, Modúpẹ́ gbá ọwọ́ mi dànù.