Àwọn Ìràwọ̀ Tó Ń Dá Rìn

Ọ̀kan ti sún, èkejì dúró gbọin. Màrdíyyàh tún gbé àwòrán àtijọ́ lé tuntun lórí kọ̀ǹpútà, ohun kan náà ló rí. Ìràwọ̀ kékeré pupa náà ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí tí òun pè ní ìkejì rẹ̀ kò mira. Wọn kì í ṣe ìbejì rárá. Èkejì jìnnà réré sẹ́yìn. Ojú ló pa wọ́n pọ̀.

Ó yẹ àwọn tó kù wò. Púpọ̀ nínú wọn ló rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni yóò gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Èrúwà. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé bí Ìgbó-Ọrà ṣe ń bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ kékeré tí iná wọn kò gbóná púpọ̀ ṣe ń ní ìkejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n bó bá yọ àwọn tí kì í ṣe òótọ́, nǹkan bí ìràwọ̀ kan nínú mẹ́rin péré ló kù tó ní ìkejì. Bí wọ́n bá sì dá iṣẹ́ náà padà, ọdún mìíràn nìyẹn. Bó bá dákẹ́ ńkọ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ irọ́ tó lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lọ, ó ní kó má dójú ti ìlú o, ọmọ Ìgbó-Ọrà kì í wá ìbejì tì.

Ìyá wọn ń yan gààrí lágbàlá. Màrdíyyàh jókòó tì í, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní ó ká òun lára pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kékeré yẹn ló ń dá rìn. Kò sọ pé òun náà, Ìdòwú tó tẹ̀lé Táíwò àti Kẹ́hìndé wá, kò ní ẹnìkejì rí.

"Àwọn tó ń dá rìn yẹn, ṣé wọ́n tètè ń kú ni?"

"Rárá, Ìyá. Àwọn ìràwọ̀ kékeré ló ń pẹ́ jù. Wọn kì í fi epo wọn ṣòfò."

"Ìdòwú, kí lo wá ń ṣàánú wọn sí?" Ìyá ò wojú rẹ̀, gààrí ló ń yan lọ.

Ó dìde, ó lọ yọ gbogbo ayédèrú náà.

Ní Èrúwà, kí ẹnikẹ́ni tó bi í, ó ti sọ ibi tó ti ṣìnà. Ó ní ẹni méjì tó dúró ní gáréèjì, ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra la ó mọ̀ bóyá ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń lọ. Dókítà Adéníran, tó le jù nínú àwọn olùkọ́ náà, wo àwọn àwòrán náà pẹ́.

"Ará Ìgbó-Ọrà ló wá ń bá wa dín ìbejì kù," ló wí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó ní iye náà bá ti àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú mu, ó sì fọwọ́ sí i.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ìgbó-Ọrà, ìyá àgbà kan tó jókòó tì í ń wojú rẹ̀ títí.

"Ìwọ ńkọ́, Táíwò ni àbí Kẹ́hìndé?"

Ó máa ń ní àlàyé fún irú ìbéèrè yìí: àwọn tó ṣáájú òun, bí òun ṣe tẹ̀lé wọn.

"Mo dá wá ni, ìyá."

Ó ń retí pé òun yóò fi nǹkan kún un. Kò sí nǹkan kan tó kù láti sọ. Ó súnra díẹ̀ kí ìyá náà lè ráyè gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀.