Ìṣẹ́jú Méjì fún Bíríkìlà

Tíṣà Àgbà ló ń darí ìjíròrò àdúgbò. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ tó tiẹ̀ láwọn òpópónà wọ̀nyẹn. Nígbà tí kánsù wá ní àwọn fẹ́ máa bá ará ìlú jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí mẹ̀kúnnù lè sọ ohun tó ń dùn ún, òun nìkan ni gbogbo èèyàn dárúkọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ ra agogo kékeré kan. Ó ṣòfin: ìṣẹ́jú méjì lẹnikẹ́ni ní láti fi sọ̀rọ̀. Bí agogo bá ti dún, kí onítọ̀hún jókòó, ì báà ṣe lọ́yà, ì báà ṣe alágbàfọ̀.

Òfin náà ní ìdí. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, baba kan tó ń ta bátìrì fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé bí ajá aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń gbó.

Ní ìpàdé kẹta, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún fọ́fọ́. Alága kánsù jókòó lápá ọ̀tún Tíṣà Àgbà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ṣáá, torí ó níbi tó ń lọ. Ìgbà náà ni Bíríkìlà dìde láti ìlà ẹ̀yìn. Akólòlò ni. Tíṣà Àgbà ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ó sì mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ti ń bà á, ńṣe lọ̀rọ̀ máa ń há a lọ́fun bí eegun ẹja.

"Yà... yà... yàrá," Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀, ó di àga iwájú rẹ̀ mú. "Yàrá t-tí mo k-k-kọ́..."

"Ẹ ní sùúrù! Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba!" ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti bò ó. Ó nawọ́ sí alága, ó nawọ́ sí ọ̀nà ọ́fíìsì kánsù. "F-f-fè... fè..."

Alága fẹnu sétí Tíṣà Àgbà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èèyàn ṣì pọ̀ nílẹ̀ o."

Tíṣà Àgbà wo aago. Ìṣẹ́jú méjì ti pé. Ó lu agogo. "O ṣeun, ọmọ mi. Jókòó. Lọ kọ ọ́ sínú ìwé, kóo fi ránṣẹ́ sí kánsù."

Bíríkìlà tún la ẹnu, ó pa á dé. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejìlá ẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ kánsù kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì. Aránbàtà tó máa ń jókòó níwájú báǹkì wà lára wọn. Àwọn méje ni wọ́n tì mọ́ yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, láti àárọ̀ títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ikọ́ fée ń bá aránbàtà jà. Àwọn tó kù lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ wọn fi wú. Kí wọ́n tó wá ṣí i, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún aránbàtà.

Obìnrin tó ń rán aṣọ lójúde Tíṣà Àgbà ló mú ìròyìn náà wá. "Wọ́n ní yàrá ọ̀hún ò ní fèrèsé, mà. Ẹyọ kan ṣoṣo, kò ní."

Fèrèsé. Tíṣà Àgbà jókòó lórí pèpéle.

Ó lọ bá Bíríkìlà níbi tó ti ń mọ ògiri. Kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ó dúró, ó jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe lè sọ ọ́. Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó parí. Símẹ́ǹtì ni kánsù ní àwọn fẹ́ kó sínú yàrá náà, ìdí nìyẹn tí òun ò fi yọ fèrèsé sí i. Nígbà tí òun padà lọ tún òrùlé ṣe, èèyàn lòun bá níbẹ̀.

"Ṣé o ò wá kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe wí ni?"

"Mo k-kọ ọ́, mà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbà á lọ́wọ́ mi." Ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo f-fẹ́ sọ fún. Ní kíláàsì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń d-dúró dè mí."

Ojú gba Tíṣà Àgbà tì débi pé kò mọ ìgbà tó délé.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kò gbé agogo wá. Ó dìde, ó sọ níwájú gbogbo èèyàn, níwájú ìyàwó aránbàtà pẹ̀lú, pé òun lòun pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ Bíríkìlà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló pe Bíríkìlà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alága pàápàá ò gbójú sókè. Kí oṣù tó parí, ará àdúgbò márùn-ún ti gbàṣẹ láti máa wọ ọ́fíìsì kánsù nígbàkígbà láti wo ẹni tí wọ́n bá dá dúró. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ń jẹ́jọ́ ní kóòtù. Bíríkìlà fọwọ́ ara rẹ̀ wó yàrá náà palẹ̀.

Àwọn èèyàn ń yin Tíṣà Àgbà, wọ́n ní kì í ṣe òun ló tilẹ̀kùn. Ó fa ìdarí ìpàdé lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, ó sì ń lọ sílé ìyàwó aránbàtà ní gbogbo ọjọ́rú. Obìnrin náà á fún un lága, wọ́n á jọ ṣa ẹ̀wà.

Lọ́jọ́rú kan, obìnrin náà dáwọ́ dúró.

"Mà, ká ní ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán lọ́jọ́ yẹn, ṣé wọ́n máa gbọ́?"

Tíṣà Àgbà ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, ìyàwó mi," ó ní. "Èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ̀."